Bí a ṣe lè kọ ìtàn ìgbésí ayé Cnut, ọba jagunjagun Viking, fún òǹkàwé Iléṣà

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún olùkọ́, òbí tàbí ẹnikẹ́ni ní Iléṣà tí ó fẹ́ kọ ìtàn jagunjagun Viking kan, ìyẹn àwọn ará àríwá Yúróòpù àtijọ́ tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ jagun, ní èdè Yorùbá, kí ó sì kà á sí etígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama láàárín wákàtí kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ mọ̀ nípa àwọn Viking kò ju àáké, irùngbọ̀n àti àṣíborí oníwo lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni a kò tíì hú àṣíborí oníwo kan jáde nínú sàréè tàbí ahoro ilé Viking kankan. Àwọn ayàwòrán àti òṣèré ọ̀rúndún 19 ni wọ́n gbé e kà wọ́n lórí. Cnut, ọmọ ọba Dẹ́nmárkì, ni mo dámọ̀ràn fún yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jagun, wọ́n kó ẹrù, wọ́n sì padà sílé, ṣùgbọ́n òun gba odindi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1016, ó sì jókòó ti ohun tí ó gbà títí ó fi kú ní ọdún 1035.

Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan, ẹ pinnu ibi tí ìtàn náà yóò ti wúwo jù. Àwọn tí ń kọ̀wé nípa jagunjagun sábà máa ń ná gbogbo agbára wọn sí ojú ogun, tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í ní ohun tí wọn yóò sọ mọ́ bí ogun bá ti parí. Ní tèmi, ọdún 1017 àti 1018 ni kí ẹ fi ṣe ọkàn ìtàn náà, nítorí pé inú ọdún méjèèjì yìí ni Cnut ti rí owó san fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀, tí ó ní kí wọ́n máa lọ, tí àwọn tí ó ṣẹ́gun sì gbà pé kí ó máa jọba lórí àwọn. Èyí kò ní ṣòro fún ará Iléṣà láti lóye. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé Agbógungbórò mọ̀ pé balógun kì í dá jagun: àwọn tí ń tẹ̀ lé e fẹ́ jẹun, wọ́n fẹ́ gba ìpín nínú ìkógun, wọ́n sì lè yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀ bí ọwọ́ rẹ̀ bá há jù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé ṣáájú Èkìtìparapọ̀ nínú Ogun Kírìjì, tí a ṣe àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní ọdún 1886, síbẹ̀ oyè Ọbańlá ni ó jẹ, kò gun orí ìtẹ́ Ọwá. Cnut gun ìtẹ́ ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè tí ó wà nínú ìyàtọ̀ yìí máa darí yín láti ojú ìwé kìíní: kí ni ó ń sọ ẹni tí ó fi idà gba ìlú di ọba tí ará ìlú ń gbọ́ràn sí lẹ́nu?

Lẹ́yìn náà, ẹ to àwọn tí ó sọ ìtàn Cnut jọ, kí ẹ sì wádìí ẹni tí ń bọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èkíní ni àkọsílẹ̀ ọdọọdún tí àwọn àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì ń kọ, èyí tí í ṣe ẹnu àwọn tí a ṣẹ́gun. Ọjọ́ àti ibi tí ó dárúkọ ṣeé gbára lé dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni kan ṣoṣo ni ó kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìròyìn ogun náà, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí, nígbà tí ó ti mọ ẹni tí yóò borí àti ẹni tí ó fẹ́ di ẹ̀bi rù. Èkejì ni àwọn akéwì ààfin, irú Óttarr svarti àti Sigvatr, tí wọ́n ń kì Cnut lójú ara rẹ̀ tí wọ́n sì ń gba ẹ̀bùn. Níbí ni òǹkọ̀wé Yorùbá ti mọ iṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ òyìnbó lọ. Àwa mọ̀ pé oríkì kì í sábà dá ogun tí kò wáyé sílẹ̀ lójú àwọn tí wọ́n bá ọkùnrin náà lọ, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń fo ọjọ́ tí ó sá. Nítorí náà, bí akéwì bá ní Cnut jà ní ibi báyìí, ẹ lè gbà á. Bí ó bá dákẹ́ lórí ọdún kan, ẹ wá ọdún náà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta ni ìwé ìyìn tí Emma, ìyàwó Cnut, jẹ́ kí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 1041 sí 1042, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú tí òun sì ń jà fún ipò àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni àwọn ìtàn àtẹnudẹ́nu tí àwọn ará Iceland wá kọ sílẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn ikú Cnut. Wọ́n dùn púpọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní akéwì kan tí ń jẹ́ Þórarinn loftunga ké ewì kúkúrú fún Cnut, inú bí ọba, ó ní kí ó wá ewì tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ di ọjọ́ kejì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òun yóò pa á. Akéwì náà ṣe é, ó sì gba 50 máàkì fàdákà. Ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ fi "wọ́n ní" ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá ti lo "wọ́n ní" fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe lò ó mọ́ fún ohun tí ó dájú, kí etí olùgbọ́ lè mọ ìyàtọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn kò gbọ́dọ̀ gùn. Kò sí ẹni tí ó kọ ọjọ́ ìbí Cnut sílẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe fi ọdún kan sí i láti inú ìwé tí ó ń díbọ́n pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹ ní ó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà tí ó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sógun ní ọdún 1013, bí àwọn àgbà ilé wa ṣe máa ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá ka ọjọ́ orí. Bàbá rẹ̀ ni Sweyn Forkbeard, ọba Dẹ́nmárkì. Bàbá bàbá rẹ̀ ni Harald Bluetooth, ẹni tí ó sọ nínú òkúta ńlá tí ó gbẹ́ sí Jelling pé òun ni òun sọ àwọn ará Dẹ́nmárkì di Kìrìsìtẹ́nì. Ọmọ tí ó ń sùn lọ nínú kíláàsì yóò jí bí ẹ bá sọ fún un pé orúkọ bàbá àgbà yìí ni ó wà lára Bluetooth tí ó fi ń fi orin ránṣẹ́ láti orí fóònù kan sí èkejì. Ẹ tún rí i pé wọ́n gbọ́ èyí: ìdílé Kìrìsìtẹ́nì ni Cnut ti jáde. Ó máa ń wu èèyàn láti fi Thor, òrìṣà àrá àwọn Viking, wé Ṣàngó kí ó sì fi ojú ìwé mẹ́ta ṣe é, ṣùgbọ́n ìtàn Cnut kọ́ ni ibi tí ó yẹ kí ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi ìyàtọ̀ sáàárín àwọn ará Dẹ́nmárkì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa pè wọ́n ní orúkọ wọn. Bí ẹ bá pe tọ̀tún tòsì ní "òyìnbó", ìtàn náà yóò dàrú mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya àwòrán ilẹ̀ náà sójú pátákó pẹ̀lú: Dẹ́nmárkì ní ìlà-oòrùn, òkun láàárín, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìwọ̀-oòrùn, Nọ́rwèy lókè. Ọmọ tí ó bá rí i pé òkun ni ọ̀nà tí ó so wọ́n pọ̀ yóò mọ ìdí tí ẹni tí ó ní ọkọ̀ ojú omi fi lè jọba ní ilẹ̀ mẹ́ta.

Ní ọdún 1013, Sweyn àti Cnut gbé ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun lọ, Æthelred ọba Gẹ̀ẹ́sì sá lọ sí Normandy ní àríwá ilẹ̀ Faransé, Sweyn sì di ọba. Oṣù díẹ̀ ni ó lò, ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé ọdún 1014 ní Gainsborough. Ẹ dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ohun tí ó tẹ̀ lé e bá ohun tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ nípa ọba àti afọbajẹ mu. Àwọn ọmọ ogun fi Cnut jọba lórí ọkọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ pe Æthelred padà, wọ́n ní kò sí olúwa tí àwọn fẹ́ ju èyí tí a bí fún àwọn lọ, bí ó bá lè ṣàkóso àwọn dáradára ju ti àtẹ̀yìnwá. Wọ́n gba ọba padà, wọ́n sì fi àdéhùn dè é. Cnut kò ní agbára tó, ó padà sẹ́yìn. Nígbà tí ó dé Sandwich, ìlú etíkun kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kó àwọn tí a fi dógò fún bàbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun, lẹ́yìn tí ó ti gé ọwọ́, etí àti imú wọn. Ẹ má ṣe yọ èyí kúrò nítorí pé ọmọdé ni yóò gbọ́ ọ. Ẹni yìí kan náà ni yóò gbé ẹ̀bùn lọ sí ilé ìjọsìn lẹ́yìn náà, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ti Sandwich kò ní mọ ìdí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń fojú ṣọ́ ọ.

Ó tún padà wá ní ọdún 1015. Ìjà pọ̀ láàárín ọdún yẹn àti òpin 1016, ẹ kò sì nílò láti ka gbogbo wọn. Ẹ mú méjì péré. Èkíní ni ti Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí afárá dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọkọ̀ Cnut lórí odò Thames, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fi gbẹ́ yàrà ńlá kan sí apá gúúsù, wọ́n sì wọ́ ọkọ̀ wọn gba ibẹ̀ kọjá sí òdìkejì afárá. Síbẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù kò bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Èkejì ni Assandun, ní ọjọ́ 18 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1016. Æthelred ti kú ní oṣù Igbe ọdún náà, ọmọ rẹ̀ Edmund, tí wọ́n ń pè ní Ironside, ni ó ń jà dípò rẹ̀, akin sì ni í ṣe. Ní Assandun, Eadric Streona, ìjòyè ńlá tí ó ti kọ́kọ́ dara pọ̀ mọ́ Cnut tí ó tún padà sọ́dọ̀ Edmund, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sá kúrò lójú ìjà. Ogun fọ́ mọ́ Edmund lórí. Àwọn méjèèjì pàdé ní erékùṣù kan lórí odò Severn, wọ́n pín ilẹ̀ náà: Edmund mú Wessex ní gúúsù, Cnut mú àríwá. Kò pẹ́ tí Edmund fi kú, ní ọjọ́ 30 oṣù Bélú, gbogbo rẹ̀ sì di ti Cnut. Ẹ ó rí ìwé tí ó ń ròyìn bí wọ́n ṣe gún Edmund pa ní ilé ìgbẹ́. Àwọn tí wọ́n kọ̀wé lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n mú un wá. Ẹ kọ pé ó kú, kí ẹ sì kọjá.

Ẹ ti dé ibi tí ó yẹ kí ẹ ti jókòó dáadáa. Ní ọdún 1017, Cnut pín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀nà mẹ́rin: ó fi Wessex sí ọwọ́ ara rẹ̀, ó fún Thorkell, balógun Viking kan, ní East Anglia, ó fún Eric ará Nọ́rwèy ní Northumbria, ó sì fi Mercia sílẹ̀ fún Eadric. Kí ọdún náà tó parí, ó ní kí wọ́n pa Eadric ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ bi àwọn ọmọ pé kí ni ó dé tí ó fi pa ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Àwọn fúnra wọn yóò sọ pé ẹni tí ó ti da ọba kan yóò da èkejì. Inú ọdún yẹn náà ni ó fẹ́ Emma, opó Æthelred, ọmọ ìdílé àwọn ìjòyè Normandy. Ẹ tètè ṣọ́ra níbí, nítorí pé ṣíṣú opó ni olùgbọ́ Yorùbá yóò kọ́kọ́ rò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Cnut kì í ṣe ẹbí Æthelred, ọ̀tá rẹ̀ ni. Ohun tí ó fi ìgbéyàwó náà wá ni kí Normandy má ṣe gbè lẹ́yìn àwọn ọmọ ọkùnrin tí Emma bí fún Æthelred, tí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà náà. Ó ti ní ìyàwó mìíràn tẹ́lẹ̀, Ælfgifu ará Northampton, tí ó ti bí ọmọ fún un, kò sì lé e lọ. Àwọn òǹkọ̀wé ìjọ máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀ nínú ìtìjú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dàgbà nínú agbo ilé olórogún ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí bàálé bá kú, àní kí ẹ tó sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kù. Ní ọdún 1018, Cnut gba 72,000 pọ́n-ùn lọ́wọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún gba 10,500 lọ́tọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù nìkan. Ẹ má ṣe fi iye náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé pọ́n-ùn òde òní ni ọmọ yóò rò. Pọ́n-ùn kan ìgbà náà jẹ́ 240 owó ẹyọ fàdákà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ sójú pátákó, wọn yóò rí i pé àpapọ̀ 82,500 pọ́n-ùn di 19,800,000 owó ẹyọ, tí a gbọ́dọ̀ rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn onítàn kan wà tí wọ́n gbà pé iye yìí ti pọ̀ jù, ẹ sì lè sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó jiyàn pé owó ńlá kọ́. Nígbà tí owó náà pé, Cnut san ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ogun, apá tí ó pọ̀ jù padà sí Dẹ́nmárkì, ó sì fi 40 ọkọ̀ péré ṣẹ́kù sọ́dọ̀. Mo gbà pé ìpinnu yìí tóbi ju Assandun lọ. Ọmọ ogun tí kò níṣẹ́ tí a sì jẹ lówó ni ó ń ba ìlú jẹ́ lẹ́yìn àlàáfíà, ó sì yẹ kí ẹ sọ ọ́ ketekete.

Ẹ kò sì ní láti gba ọ̀rọ̀ owó yìí lẹ́nu àlùfáà nìkan. Ní Yttergärde, ní agbègbè Uppland ní ilẹ̀ Swídìn, wọ́n gbẹ́ òkúta kan ní ìrántí ọmọ ogun tí ń jẹ́ Ulf, òkúta náà sì sọ pé Ulf gba owó lẹ́ẹ̀mẹta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Tosti ni ó san àkọ́kọ́, Thorkell san èkejì, Cnut sì san ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ òkúta náà kò ju èyí lọ. Ẹ kà á fún wọn bí ó ti wà, kí ẹ má ṣe fi ọ̀ṣọ́ kún un, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ibi tí ìtàn ti sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ń wa ọkọ̀ dípò ẹni tí ó ni ín.

Ọdún 1018 yẹn náà ni àwọn ará Dẹ́nmárkì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàdé ní Oxford, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé kí òfin Edgar, bàbá Æthelred, máa ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó kọ òfin fún Cnut ni Wulfstan, àgbà bíṣọ́ọ̀bù York, ẹni tí ó ti wàásù nígbà ogun pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará Dẹ́nmárkì jẹ́. Ẹ wo bí ọba titun ṣe lo ẹnu tí ó ti bú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní ọdún 1023, ó jẹ́ kí a gbé òkú Ælfheah, àgbà bíṣọ́ọ̀bù tí àwọn Viking fi egungun màlúù lù pa ní ọdún 1012, láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Canterbury pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá. Bóyá ìrònúpìwàdà ni àbí ọgbọ́n ìṣèlú, èmi kò rí ìdí tí kò fi lè jẹ́ méjèèjì.

Ẹ lè tètè sọ ogun òkè òkun kọjá. Cnut jogún Dẹ́nmárkì lẹ́yìn ikú Harald arákùnrin rẹ̀. Ní ọdún 1028 ó kó 50 ọkọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ lé ọba Olaf kúrò ní Nọ́rwèy. Ó rán Ælfgifu àti Svein ọmọ wọn lọ ṣàkóso ibẹ̀, àwọn ará Nọ́rwèy kò sì gbà fún wọn pẹ́. Ìrìnàjò Róòmù ti ọdún 1027 ni kí ẹ fún ní ìpínrọ̀ kan pérépéré. Cnut wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Àjíǹde nígbà tí Póòpù dé Conrad II, ọba Jámánì, ládé, Cnut sì kọ lẹ́tà sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì nílé pé òun ti bá Conrad àti àwọn ọba mìíràn sọ̀rọ̀ kí wọ́n dín owó ibodè kù fún àwọn oníṣòwò àti arìnrìnàjò ẹ̀sìn tí ń ti ilẹ̀ òun lọ sí Róòmù. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ń ná ọjà ọ̀nà jíjìn yóò mọ rírì èyí ju ogun Nọ́rwèy lọ.

Ìtàn etíkun ni gbogbo ènìyàn ń retí: pé Cnut gbé àga sí etí òkun, ó pàṣẹ fún omi kí ó má ṣe wá sókè, omi sì rin ín lẹ́sẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé pé omi òkun máa ń wọlé, ó sì máa ń padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ kan ní etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé kò sí òkun ní Iléṣà, ọ̀pọ̀ ọmọ kò sì tíì rí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ pé Henry ti Huntingdon, òǹkọ̀wé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì kan, ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún 12, nígbà tí Cnut ti kú fún àádọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn sábà máa ń fi ìtàn náà ṣe ẹ̀rí ìgbéraga ọba. Ohun tí Henry kọ yàtọ̀ sí èyí: ọba fẹ́ fi han àwọn tí ó yí i ká pé agbára ọba kò tó nǹkan níwájú Ọlọ́run.

Cnut kú ní Shaftesbury ní ọjọ́ 12 oṣù Bélú ọdún 1035, wọ́n sì sin ín sí Winchester. Ẹ fi ìjà àwọn ọmọ olórogún tẹ̀ lé e, ní kúkúrú: Harold ọmọ Ælfgifu jọba títí di ọdún 1040, Harthacnut ọmọ Emma tẹ̀ lé e títí di 1042, lẹ́yìn èyí ni ìtẹ́ padà sọ́dọ̀ Edward, ọmọ tí Emma bí fún Æthelred. Ìlà Cnut kò ju ọdún méje lọ lórí ìtẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á fún àgbà kan tí kò mọ nǹkan kan nípa Viking kí ẹ tó gbé e lọ sí kíláàsì. Níbikíbi tí ó bá ti béèrè pé "Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀?", ẹ fi orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ sínú gbólóhùn náà, níbikíbi tí ó bá ti béèrè pé "Kí ni ó wá ṣe fún wọn?", owó tàbí ilẹ̀ ni ẹ gbàgbé láti dárúkọ. Ẹ tún múra sílẹ̀ fún ìbéèrè nípa Emma, nítorí pé àwọn ọmọbìnrin kíláàsì yóò fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já sí: ó rí ọmọ rẹ̀ méjì láti ara ọkọ méjì tí wọ́n jọba, Edward sì gba ìṣúra lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1043, ṣùgbọ́n ó wà láàyè títí di ọdún 1052.